Táàgì Ti So Mọ́ Ẹran, Ìbọn Ṣì Wà Léjìká: Ohun Tí Òfin Ọdẹ Colorado Gbà àti Èyí Tí Kò Gbà

Ẹ pa elk, ẹran ńlá kan tó jọ àgbọ̀nrín, lọ́jọ́ kejì sáà ọdẹ. Ẹ ti fọwọ́ sí táàgì, ìyẹn ìwé àmì tí òfin ní kí ọdẹ so mọ́ ẹran tó bá pa; ó ti so mọ́ ẹran, ẹran sì ti dé àgọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí ẹ jọ wá kò tíì rí nǹkan kan pa, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta kí sáà parí. Ṣé ẹ lè gbé ìbọn kọ́ èjìká kí ẹ bá wọn padà wọ igbó?

Ní Wisconsin, bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá pa àwọn ìlànà kan mọ́. Ní Colorado, ibi tó dáa jù fún ìbọn ńlá yẹn ni àgọ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe òfin ọdẹ tirẹ̀, ohun tí wọ́n sì fi ń kí ọdẹ kú oríire lápá kan lè gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀ lápá kejì. Colorado la fi ṣe òpó ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé òfin tibẹ̀ kò fàyè gba kí ẹnì kan pa ẹran ńlá fún ẹlòmíì rárá.

Ìgbà wo ni òfin ń pe èèyàn ní ọdẹ?

Ẹ kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: kí ìbọn wà lọ́wọ́ èèyàn, àti kí èèyàn máa ṣọdẹ. Kì í ṣe gbígbé ìbọn rìn nínú igbó ìjọba ló ń sọ èèyàn di arúfin ní Colorado. Ohun tó ń sọ ọ́ di arúfin ni kí ó máa ṣọdẹ ẹran tí kò ní láísẹ́ǹsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ fún. Àmọ́ ìtumọ̀ tí òfin fún ọ̀rọ̀ náà, ṣíṣọdẹ, fẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Kì í ṣe yíyìnbọn nìkan. Lílé ẹran wà níbẹ̀, fífa ẹran mọ́ra wà níbẹ̀, yíyọ́ tẹ̀ lé e àti bíba dè é wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni gbígbìyànjú láti yìn ín, láti ṣe é léṣe, láti pa á tàbí láti mú un. Ẹni tó ba síbi igi kan pẹ̀lú ìbọn, tó ń retí kí elk já síta, ti ń ṣọdẹ kó tó fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi ń yìnbọn.

Òfin yẹn kan náà yọ àwọn kan sílẹ̀: ẹni tí kò gbé ohun ìjà, tó jẹ́ pé kí ó ṣáà wo ẹran tàbí kí ó ya fọ́tò rẹ̀ ló bá wá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Ìbọn ló pààlà láàárín olùwòran àti ọdẹ. Ẹni méjì lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí àpáta kan náà, kí wọ́n máa fi awò wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan náà. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ń wòran, èyí tó gbé ráífù lọ́wọ́ ń ṣọdẹ. Bí táàgì rẹ̀ bá sì ti lọ sára ẹran, ó ń ṣọdẹ láìní láísẹ́ǹsì. Ìdí nìyí tí «mo kàn gbé e dání ni» kì í fi í ran èèyàn lọ́wọ́ níwájú ẹ̀ṣọ́ igbó.

Ẹ ka ohun tó kù lápò yín

Kí ẹ tó fi ìbọn sílẹ̀, ẹ yẹ àwọn ìwé yín wò, nítorí pé táàgì kan lè tán kí òmíràn ṣì wà. Ní Colorado, láísẹ́ǹsì elk tàbí ti àgbọ̀nrín jẹ́ ti ẹran kan ṣoṣo, táàgì sì wà lára rẹ̀. Bí ẹran yẹn bá ti kú, láísẹ́ǹsì yẹn ti ṣiṣẹ́ tán. Ṣùgbọ́n wọ́n pín láísẹ́ǹsì sí List A, List B àti List C. Ọ̀kan péré ni ẹ lè ní nínú List A fún irú ẹran kan lọ́dún, ẹ sì lè fi ti List B kún un. Ẹni tó pa akọ elk pẹ̀lú láísẹ́ǹsì List A, tó ṣì ní ti abo elk nínú List B, ọdẹ ni títí di ìgbà tí ìkejì á fi lọ. Bákan náà ni ẹni tó ní ti àgbọ̀nrín tí kò tíì lò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé láísẹ́ǹsì kejì náà gbọ́dọ̀ bá ibi tí ẹ wà mu, kó bá sáà mu, kó sì bá irú ìbọn mu. Yúnìtì, ìyẹn agbègbè ọdẹ tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí wọ́n kọ sórí ìwé kọ́ ni èyí tó wà lódìkejì odò. Táàgì àgbọ̀nrín ti sáà kẹta kò lè dáàbò bo ẹni tó gbé ráífù lọ́sẹ̀ sáà kejì. Ẹ ka nọ́ńbà yúnìtì, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí, àti bóyá akọ tàbí abo ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹ kà á ní àgọ́ níbi tí iná wà.

Ìwé kẹta ni láísẹ́ǹsì ẹran kéékèèké: ehoro, ọ̀kẹ́rẹ́, àti àwọn ẹyẹ bíi grouse tó jọ àparò wa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọ ìṣẹ́kèké tí wọ́n fi ń pín láísẹ́ǹsì elk ti ní in láìrántí, nítorí pé Colorado ń béèrè kí èèyàn kọ́kọ́ ra láísẹ́ǹsì kan tó yẹ kó tó lè wọ ìṣẹ́kèké náà, ti ẹran kéékèèké sì ni ọ̀pọ̀ ń rà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ló ń ṣiṣẹ́, oṣù mẹ́tàlá gbáko.

Ráífù ńlá fún ehoro: ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀

Ẹni tó ti pa elk rẹ̀, tó sì ní láísẹ́ǹsì ẹran kéékèèké, á rò pé òun ti rí ọ̀nà: «Ehoro ni mò ń wá.» Ó sì gbé ráífù ńlá .30-06 rẹ̀ jáde. Ẹ̀ṣọ́ igbó ti gbọ́ ìyẹn rí, òfin pàápàá sì ti gbọ́ ọ. Ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn ọ̀nà I-25, ìyẹn ọ̀nà ńlá tó gba Fort Collins, Denver, Colorado Springs àti Pueblo kọjá láti àríwá sí gúúsù, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ráífù centerfire tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju .23 ínǹṣì lọ ṣọdẹ ẹran kéékèèké lásìkò sáà ráífù fún elk àti àgbọ̀nrín, àfi bí ẹ bá ní láísẹ́ǹsì elk tàbí ti àgbọ̀nrín tí ẹ kò tíì lò fún yúnìtì àti sáà yẹn. Gbogbo òkè ńlá tí elk ń gbé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lápá ìwọ̀-oòrùn ọ̀nà yẹn.

Centerfire ni ọta tí ohun tó ń tanná sí ẹ̀tù rẹ̀ wà láàárín ìdí rẹ̀. Ti rimfire wà ní etí ìdí. Nítorí náà .22 rimfire kò sí nínú òfin yìí. Ìbọn ọlọ́tapípọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní shotgun, kì í ṣe ráífù, kò sì sí nínú rẹ̀. Òfin gba .223, nítorí pé ìwọ̀n ọta rẹ̀ jẹ́ 0.224 ínǹṣì. Kò gba .243, kò gba .270, kò gba .308. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ̀yin á fẹ́ máa pa ehoro lẹ́yìn tí elk bá ti bọ́ sílẹ̀, ẹ gbé .22 tàbí ìbọn ọlọ́tapípọ̀ sínú ọkọ̀ láti ilé. Kì í ṣe pé òfin fẹ́ fìyà jẹ ọlọ́ehoro. Ẹni tó bá gbé ìbọn elk nínú igbó elk lásìkò elk, kò sí bí ẹ̀ṣọ́ ṣe fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìwọ̀n ẹnu ìbọn ni wọ́n fi dí ihò yẹn.

Ẹ rí i dájú pẹ̀lú pé sáà ẹran kékeré tí ẹ dárúkọ ṣí ní tòótọ́. Grouse ní sáà tirẹ̀. Ẹni tó sọ pé grouse lòun ń wá nígbà tí sáà rẹ̀ ti parí ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Bí ẹ ṣe lè bá ọ̀rẹ́ yín lọ láìṣẹ̀

Iṣẹ́ pọ̀ tí ẹni tí táàgì rẹ̀ ti tán lè ṣe. Elk kì í ṣe ẹtu tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn. Akọ kan lè wọn tó 700 páùnù kí wọ́n tó la inú rẹ̀, ẹran tí wọ́n sì gé kúrò lára egungun lè tó 200 páùnù. Lójú ọ̀nà òkè, ìyẹn ìrìn mẹ́rin tàbí márùn-ún fún ẹni kan tó ń pọn 40 sí 50 páùnù. Ọ̀rẹ́ tó ní ẹ̀yìn tó lágbára wúlò ju ọ̀rẹ́ tó ní ìbọn kejì lọ.

Ẹ tú ọta kúrò nínú ráífù yín, ẹ yẹ inú ihò ọta wò pẹ̀lú ojú àti ìka, kí ẹ tì í sínú ọkọ̀ tàbí àpótí ní àgọ́. Ẹ má ṣe gbé e lọ ní òfìfo pẹ̀lú ọta lápò. Bóyá adájọ́ lè gbọ́ yín, àmọ́ ta ló fẹ́ dé ọ̀dọ̀ adájọ́? Ẹ gbé awò ìwòran, àpò ẹran, ọ̀bẹ méjì, okùn, fìtílà orí àti omi. Ẹ wọ aṣọ àwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, ó kéré tán 500 ínǹṣì onígun mẹ́rin lókè ìbàdí, pẹ̀lú fìlà tí wọ́n lè rí láti gbogbo ìhà. Láti ọdún 2016 ni pink tó ń tàn yòò náà ti di ohun tí òfin gbà. Èyí tí wọ́n ya àwòrán ewé sí kò kà. Ọ̀ranyàn ni aṣọ yìí fún ẹni tó ń fi ráífù ṣọdẹ elk. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń pọn itan elk gba inú igbó kọjá pẹ̀lú ìwo lórí ẹrù, ẹ̀mí yín ni. Ẹ fi aṣọ ọsàn wé ìwo náà pẹ̀lú.

Ẹ lè jọ máa wo pẹ̀tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi ìka han ọ̀rẹ́ yín ibi tí ẹran wà. Àmọ́ ẹ fi fífọn fèrè elk àti lílé ẹran jáde láti inú igi sílẹ̀ fún àwọn tí táàgì wọn ṣì wà. Fífà mọ́ra àti lílé wà nínú ohun tí òfin kà sí ọdẹ, àyè tó sì yọ sílẹ̀ fún ẹni tí kò gbé ìbọn kò ju wíwò àti yíya fọ́tò lọ.

Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní kí ẹ bá òun di ìbọn òun mú kí òun lè gun àpáta, kí ó kọ́kọ́ tú u, kí ẹ dì í mú, kí ẹ sì dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e rìn fún un.

Elk ọ̀rẹ́ yín gbọgbẹ́, ó ń sá lọ

Ibí yìí ni ọkàn ti ń ṣe àtakò pẹ̀lú òfin. Nílé, ọdẹ tó bá ṣèrànwọ́ fún ẹnìkejì rẹ̀ láti parí ẹran tó fara gbọgbẹ́ á gba ìpín tirẹ̀, wọ́n á sì yìn ín. Ní Colorado, ẹni tó yin elk ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí táàgì tirẹ̀ ti tán ti pa elk kejì láìní láísẹ́ǹsì. Àánú tó ṣe ẹran náà kò yí i padà. Kódà bí táàgì tiyín bá ṣì wà, tó bá jẹ́ ọta yín ló pa ẹran náà, táàgì tiyín ló máa wọ̀ ọ́, kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí yíyá táàgì, kò sí ṣíṣe pàṣípààrọ̀.

Iṣẹ́ yín ni láti wo ibi tí ẹran náà gbà, kí ẹ má mójú kúrò lára igi tàbí òkúta tó wà nítòsí ibi tí ó ti wọ igbó. Ẹ sàmì síbi tó wà nígbà tí ọta bà á, ẹ wá ẹ̀jẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní táàgì wà níwájú pẹ̀lú ìbọn tirẹ̀. Òfin ní kí ẹni tó ṣe ẹran léṣe sa gbogbo ipá tó yẹ láti wá a rí.

Àṣìṣe mìíràn wà tó ń bá ọdẹ rere pàápàá: ọta kan la ẹran kan já, ó sì pa èkejì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹran méjì, táàgì kan. Ẹ má ṣe pe ọ̀rẹ́ kó wá so táàgì tirẹ̀ mọ́ èkejì. Ohun tó jẹ́ èèṣì tẹ́lẹ̀ á di irọ́ tí ẹni méjì jọ pa. Ẹ so táàgì yín mọ́ ọ̀kan, ẹ la inú méjèèjì kí ẹran má bàjẹ́, kí ẹ sì pe Colorado Parks and Wildlife (CPW), iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹran igbó, níbi tí fóònù bá ti mú nẹ́tíwọọ̀kì. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀, ẹ dúró kí ẹran tí ẹ fẹ́ yìn ya kúrò lára agbo.

Táàgì fúnra rẹ̀

Bí ẹran bá ti kú, ẹ fọwọ́ sí táàgì, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ ya á kúrò lára láísẹ́ǹsì lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà lára ẹran náà nígbà tí ẹ bá ń gbé e lọ nínú ọkọ̀, ní àgọ́, nílé, àti níbi tí wọ́n ń tọ́jú ẹran sí. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí i láàárọ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Táàgì tí ẹ ti ya kúrò kí ẹran tó kú ti bàjẹ́, ọ́fíìsì CPW lẹ máa lọ fún òmíràn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rí akọ tàbí abo ṣì wà lára ẹran bí Ọlọ́run ṣe dá a mọ́ ọn: kóró ẹpọ̀n tàbí ọmú lára itan kan, tàbí orí pẹ̀lú ìwo. Ẹni tó gé ẹran tán tó sì gbàgbé èyí ti ba ẹ̀rí ara rẹ̀ jẹ́.

Bí ẹ bá fún ọ̀rẹ́ tó bá yín gbẹ́ran ní itan kan, ẹ kọ ìwé kékeré sí i lọ́wọ́: orúkọ yín, àdírẹ́sì, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì, irú ẹran, iye rẹ̀, ọjọ́, kí ẹ sì fọwọ́ sí i.

Nínú ọkọ̀, àti ọ̀rọ̀ béárì

Ráífù tàbí ìbọn ọlọ́tapípọ̀ tó wà nínú ọkọ̀ tàbí lórí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ọta nínú ihò ọta, ì báà jẹ́ pé táàgì ti tán tàbí kò tíì tán. Ti ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń gùn nínú igbó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò gbọ́dọ̀ sí ọta nínú ihò, kò gbọ́dọ̀ sí nínú mágásíìnì tí wọ́n ń to ọta sí, ìbọn sì gbọ́dọ̀ wà nínú àpò tàbí àpótí tó bò ó tán.

Àwọn kan ń sọ pé béárì làwọn ń bẹ̀rù tí àwọn fi gbé ráífù tẹ̀ lé ẹran. Béárì dúdú wà lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń fà á. Ìbọn ìléwọ́ ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé, kó kọ́ ọ mọ́ bẹ́líìtì níta gbangba. Fífi pamọ́ sábẹ́ aṣọ nígbà tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn ń béèrè ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀. Ìbọn ìléwọ́ ni òfin yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọta inú ọkọ̀, òun sì ni ẹ̀ṣọ́ igbó á gbà pé ó wà fún ààbò. Àwọn ọlọ́fà náà lè gbé e ní sáà ọfà, àmọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ fi parí ẹran tí ọfà gún. Bí ẹ bá sì yin béárì láti gba ara yín sílẹ̀, ẹ fi tó CPW létí kíákíá. Béárì náà kì í ṣe tiyín.

Wisconsin, níbi tí òfin ti yàtọ̀

Ní Wisconsin, àwọn tó jọ ń fi ìbọn ṣọdẹ àgbọ̀nrín lè pa fún ara wọn. Ẹni tí táàgì tirẹ̀ ti lọ lè gbé ìbọn rẹ̀ padà sínú igbó ní sáà ìbọn ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án tó ń bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé ṣáájú Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ wọn ní oṣù Kọkànlá. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì àgbọ̀nrín, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ máa lo ìbọn. Ẹni tí wọ́n ń pa ẹran fún gbọ́dọ̀ ní àṣẹ tí kò tíì lò, tó bá ẹran náà mu: akọ tàbí abo, agbègbè, irú ilẹ̀. Ní àkókò tí ọta jáde, ẹni tó yìnbọn àti ẹni tó ni táàgì gbọ́dọ̀ máa rí ara wọn tàbí kí wọ́n máa gbọ́ ohùn ara wọn láìlo ẹ̀rọ. Fóònù kò kà, wọkí-tọ́kì kò kà. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó wà létí adití nìkan ni òfin yọ sílẹ̀.

Ohun tó ń ba ìlànà yìí jẹ́ ni òkè kan ṣoṣo tó dá ọ̀rẹ́ méjì sọ́tọ̀. Ẹ jọ wọ igbó, ẹni tó ni táàgì rékọjá sí ẹ̀yìn òkè, ẹ̀yin yìnbọn. Ẹran yẹn kò ní ẹni tí ẹ pa á fún. Bàbá àgbà tó ní táàgì tó sì jókòó sílé nídìí iná kò sí nínú ẹgbẹ́ ọdẹ. Ẹ ṣèṣirò pẹ̀lú: bí táàgì kan péré bá kù láàárín ẹni mẹ́rin, tí ẹni méjì sì yìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹran méjì lè ṣubú. Ẹ gbà á láàárọ̀ pé ẹnì kan ló máa yìn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹran náà sílẹ̀ kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Minnesota náà gba ọdẹ ẹgbẹ́ lọ́nà tirẹ̀, ẹ ka ìwé òfin tibẹ̀ lọ́tọ̀.

Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ igbó bá dé

Ẹ yí ẹnu ìbọn sílẹ̀, ẹ ṣí ihò ọta bí ó bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kí i, kí ẹ mú ìwé jáde. Àwọn ohun tó máa béèrè kò pọ̀: láísẹ́ǹsì, ìwé ìdánimọ̀, ẹ̀rí pé ẹ ti kọ́ ẹ̀kọ́ ọdẹ (ọ̀ranyàn ni fún ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1949 tàbí lẹ́yìn rẹ̀), ohun tí ẹ ń wá, àti ẹran tí ẹ ti pa. Bí táàgì elk yín bá ti lọ, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́: «Mo ti pa elk mi lọ́jọ́ Sunday, ó wà ní àgọ́ pẹ̀lú táàgì. Mo bá ọ̀rẹ́ mi wá gbé ẹrù ni.» Ẹni tó dúró títí wọ́n fi bi í ló ń dà bí ẹni tó ní nǹkan bò.

Colorado ń ka máàkì sí ọdẹ lọ́rùn. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, bí ó bá sì pé 20 láàárín ọdún márùn-ún, wọ́n lè gba ẹ̀tọ́ ọdẹ lọ́wọ́ ẹni náà. Àwọn ìpínlẹ̀ tó wà nínú àdéhùn Interstate Wildlife Violator Compact, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn, ń bu ọlá fún ìdájọ́ ara wọn, torí náà ẹni tí wọ́n lé ní Colorado kò lè sá lọ ṣọdẹ ní Wyoming. Owó ìtanràn tún wà fún akọ ńlá. Ní 1995, ọlọ́ṣà ẹran kan pa akọ elk kan tí gbogbo ìlú Estes Park mọ̀ sí Samson. Òfin tó tìdí rẹ̀ jáde ní 1998 fi $10,000 kún ìtanràn elk tó ní ẹ̀ka mẹ́fà, ó kéré tán, lórí ìwo kan, bí wọ́n bá pa á lọ́nà àìtọ́.

Ẹni tó wà lórí físà

Èyí kan àwọn ọmọ wa ní tààrà. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka ìbọn àti ọta léèwọ̀ fún ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ F-1, J-1, òṣìṣẹ́ H-1B, àlejò B-2. Ẹni tó ní green card kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí òfin yọ sílẹ̀ fún àwọn oní-físà ni láísẹ́ǹsì ọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà fún wọn, tó sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Òun ni ẹni tó ń ta ìbọn á béèrè kó tó tà á fún wọn. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti bàjẹ́ kò ní ọ̀nà yìí rárá, láísẹ́ǹsì ọdẹ kò lè gbà á.

Nítorí náà, fún oní-físà, láísẹ́ǹsì ju ọ̀rọ̀ elk lọ. Ìwé yẹn ló ń jẹ́ kí ìbọn lè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé láísẹ́ǹsì elk tí táàgì rẹ̀ ti lọ nìkan ló ní, ó ti gbé ara rẹ̀ lé ìwé tí agbẹjọ́rò lè jiyàn lé lórí. Kó ní láísẹ́ǹsì ẹran kéékèèké pẹ̀lú rẹ̀.

Texas ni ìdẹkùn kejì wà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, kò sí ẹni tó nílò láísẹ́ǹsì láti pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó lórí ilẹ̀ aládàáni tí onílẹ̀ bá ti gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ F-1 ní Houston tí ọ̀rẹ́ pè wá pa ẹlẹ́dẹ̀ lè gbọ́ pé «kò nílò ìwé kankan», òótọ́ sì ni lójú Texas. Lójú ìjọba àpapọ̀, bí ó bá ti di ìbọn mú láìní láísẹ́ǹsì ọdẹ, ó ti rú òfin tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 15, tó sì lè mú kí wọ́n dá a padà sílé. Kó ra láísẹ́ǹsì Texas, ẹlẹ́dẹ̀ ì báà má béèrè rẹ̀. Ó ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ.

Láísẹ́ǹsì ẹran kéékèèké ti Colorado ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ti ọdún tuntun sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù yẹn kan náà. Oní-físà tó ní ìbọn nílé kó ra tuntun láàárín oṣù yẹn, kó tó di April 1, bí kò tilẹ̀ ní wọ igbó títí di oṣù Kẹwàá.